Ẹ̀rọ Tí O Rà fún Jẹ́jẹ́ Kì í Ṣe Ẹ̀rọ Ọmọ Iléèwé

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé alájà gíga yẹn ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ó sì bá ọ lórí ìjókòó, nítorí mi ò fẹ́ kí o kà á lórí ìdúró. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀, kò ní jẹ́ kí inú bí ọ̀gá rẹ sí ọ, inú tèmi nìkan ló bí sí ọ lónìí, ìyẹn náà á sì rọ̀ díẹ̀ kí n tó pa lẹ́tà yìí dé. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n kí ọ dáadáa, kí n má sì kọ gbogbo ohun tó wà nínú mi, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló mú bírò lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Bàbá ò pè mí lórí fóònù. Mo pè ọ́. Mo pè ọ́ títí ó fi sú mi. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gidi báyìí, wàá ní Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kò dáa, ohùn yín ń já, n ó pè yín padà, bẹ́ẹ̀ èmi ń gbọ́ ohùn tìrẹ ketekete bí ohùn ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bébà. Jẹ́ kí n rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó máa já èyí.

Ilé dáa. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ wa tó ń jò ti dẹ́kun jíjò, káfíńtà ẹ̀gbẹ́ wa ló gun òkè lọ kàn án, ṣùgbọ́n nígbà tó ń bọ̀ nílẹ̀ ó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ aṣọ funfun oníbàárà tí mo sá, a ò sì tíì máa kí ara wa dáadáa láti ìgbà náà. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún tí òjò bá ti ṣú, orúnkún ọ̀hún sì kan ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, má kánjú. Jẹ́jẹ́ ọmọ rẹ wà. Mo ní ó wà, mi ò ní ó wà dáadáa, ìwọ lo sì fà á.

Ó dára, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iléèwé ní kí gbogbo ọmọ kíláàsì Jẹ́jẹ́ ní láàpútọ́ọ̀pù, mo ránṣẹ́ sí ọ, inú mi sì dùn pé o ò jiyàn. O ní kí n fọkàn balẹ̀, o ní o ti bá ọ̀gá kan tó ń tà á sọ̀rọ̀, èyí tó lágbára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lo máa rà. Ni mo bá ń sọ ọ́ kiri àdúgbò. Mo sọ fún télọ̀, mo sọ fún káfíńtà, a ṣì ń kí ara wa nígbà yẹn, mo ní ọmọ mi ní èyí tó lágbára jù ni òun máa rà fún ọmọ òun. Mi ò kọ́kọ́ bi ara mi léèrè pé agbára kí ni. Ṣé Jẹ́jẹ́ fẹ́ fi fa ọkọ̀ ni?

Nígbà tí dírẹ́bà tí o fi ẹ̀rọ náà rán gbé e dé, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e, ó sì ń mí hẹ̀ẹ̀. Mo rò pé tẹlifíṣọ̀n ni, ìyá rẹ rò pé sítóòfù ni. A tú páálí rẹ̀, ohun dúdú kan báyìí yọ jáde, ó ní ihò ní ẹ̀gbẹ́ bí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Jẹ́jẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó hó, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì tàn ní pupa, wọ́n tàn ní àwọ̀ ewé, wọ́n tún tàn ní àwọ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, iná ń sáré láti ìhín dé ọ̀hún. Ìyá rẹ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìgbà tó wá béèrè páásíwọ́ọ̀dù ni ìjà dé. Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń tì í ni, kí olè má lè ṣí i. Mo ní kó yé wá wàhálà, kó kọ orúkọ bàbá mi sí i. Ó kọ ọ́. Ẹ̀rọ yìí ní kò lágbára tó. Orúkọ ta ni? Orúkọ bàbá mi! Ọkùnrin tó ń pọn omi ìfọṣọ odindi àdúgbò, tó máa ń gbé àpò ọṣẹ lérí láìlo òṣùká! Mo ní kí Jẹ́jẹ́ kọ orúkọ ìyá mi, ó ní ìyẹn náà kò lágbára. Ohun tó wá gbà nígbẹ̀yìn ni òǹkà àti lẹ́tà tí wọ́n dà pọ̀, pẹ̀lú àmì kan tó dà bí ìṣó tó tẹ̀. Ohun tí kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló wá lágbára lójú rẹ̀. Mi ò tíì gbàgbé ìwọ̀sí yẹn.

Bí a ṣe ń bọ́ níbẹ̀ ni ó kó ọ̀rọ̀ jáde, ọ̀rọ̀ gígùn tí Jẹ́jẹ́ ń fà sókè, ń fà sókè, tí kò tán, ó wá ní ṣé a gbà. Mo ní kí la gbà? Jẹ́jẹ́ ní gbogbo ayé ló máa ń tẹ mo gbà láìkà á. Mo ní kì í ṣe nínú ilé tèmi, kó tẹ mi ò gbà. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la wà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òun ò sún, èmi ò sún. Ìyá rẹ ló yọ́ lọ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Nítorí náà, tí wọ́n bá wá gba ilé yìí mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, o ti mọ ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ìdí tí ìyá rẹ fi wá di ọ̀rẹ́ ẹ̀rọ náà ni orúnkún rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn gbóná, ọmọ mi. Mo ti ń lọ aṣọ láti kékeré, mo mọ ohun tó gbóná. Bí Jẹ́jẹ́ bá ti lò ó tán, ìyá rẹ á fi aṣọ wé e, á gbé e lé orúnkún, á na ẹsẹ̀ síwájú, á máa súre fún ọ pé ọmọ òun ronú, ó ra ohun tó ń kọ́ ọmọ níwèé tó tún ń wo ìyá sàn. Mo ní ìyá yìí, kì í ṣe oògùn. Ó ní kí ni alágbàfọ̀ mọ̀ nípa oògùn.

Kò mọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ ń mu iná. Bí a bá ti fi í sí iná báyìí, áyọ́ọ̀nù mi á lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìlà ṣòkòtò oníbàárà á kọ̀ kò ní dúró. Ìmọ́lẹ̀ aláràbarà rẹ̀ sì ń yọ lójú fèrèsé, ọkùnrin kan yà wọlé nígbà tí mo ń wọ́n sítáàṣì sára kọ́là, ó jókòó, ó ní kí n fún òun ní èyí tó tutù. Mo ní èyí tó tutù kí ni? Ó ní ṣé kì í ṣe ilé ọtí nìyí ni. Èmi! Nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀!

Síbẹ̀ mo fara da gbogbo ìyẹn, torí mo ní ó ń ṣe ọmọ láǹfààní. Ohun tí mi ò lè fara dà ni ohun tí mo rí láti ojú fèrèsé. O mọ̀ pé tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ kọjú sí títì. Ní àràárọ̀ ni mò ń rí Jẹ́jẹ́ bó ṣe ń gbé ẹ̀rọ yẹn lọ sí iléèwé, èjìká kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀, ó tẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ já. Tó bá dé iwájú ilé télọ̀, á gbé e lé orí ògiri kúkúrú ibẹ̀, á pààrọ̀ èjìká, á tún máa lọ. Mo ní kí n máa bá a gbé e. Ó ní rárá, Bàbá àgbà, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń fi í rẹ́rìn-ín tipẹ́. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń gbọ́ nínú kíláàsì ju ohùn tíṣà lọ, tíṣà sì ní kó lọ máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Ẹ́ńjìnnì. Ọmọ tí àwa sọ ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé kì í pariwo, pàápàá láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú tí iṣẹ́ sì ti gbé ìwọ náà lọ, òun ni wọ́n wá ń pè ní Ẹ́ńjìnnì! Bátìrì rẹ̀ ńkọ́? Kì í pẹ́ kú. Gbogbo agbára tí wọ́n pariwo fún ọ, kò tó láti bá ọmọ dé ìgbà ìsinmi ọ̀sán.

Ọjọ́ tí wọ́n wá ṣe ìdánwò, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ní kí wọ́n ti ṣe é. Jẹ́jẹ́ ti ṣe é kọjá ìdajì nígbà tí bátìrì ẹ̀rọ rẹ kú pátápátá. Gbogbo ohun tó kọ bá a lọ. Tíṣà ní òun ò lè máàkì ohun tí òun ò rí, ó sì fún un ní òdo.

Ọmọ náà délé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá bá mi nídìí tábìlì pé òun fẹ́ bá mi ká aṣọ. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé kan, ó tú u, ó tún un ká, ó tún tú u. Mo ní ó ti dáa, gbé e sílẹ̀, kò gbé e sílẹ̀. Ìgbà tí omi ojú rẹ̀ kán sórí aṣọ tí mo ti lọ̀ tán ni mo tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo gbé e jókòó sórí àpótí, ó wá sọ gbogbo rẹ̀ tán, ti ẹnu ọ̀nà, ti orúkọ tí wọ́n ń pè é, ti òdo. Ṣé o mọ ohun tó fi kádìí ọ̀rọ̀? Ó ní Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún bàbá mi, wọ́n á rò pé mi ò fẹ́ràn ohun tí wọ́n rà fún mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ.

Inú bí mi, ojú mi ṣú. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀, mo na ọwọ́ sí háńgà, mo fa ṣẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ wọ̀, ó di iléèwé. Mo ní kí tíṣà jáde síta sí mi. Mo sọ fún un pé irú olùkọ́ wo ló ń gbé ọmọ síta bí ìgbálẹ̀, pé irú máàkì wo ni wọ́n ń fún ọmọ tó ti kọ ìwé kọjá ìdajì, pé tí iná bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń lọ aṣọ, ṣé wọ́n á ní mi ò fọ aṣọ náà ni? Mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀. Àyà mi ni ọkùnrin yìí ń wò. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á, mo bá tún gbé ohùn sókè. Ó ṣì ń wo bọ́tìnnì mi kejì. Nígbà tó rẹ̀ mí, ó rọra ní Bàbá, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, mo kàn fẹ́ béèrè bóyá ṣẹ́ẹ̀tì mi ti gbẹ.

Mo wo ara mi. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ní ìlà funfun. Ṣẹ́ẹ̀tì tí tíṣà, oníbàárà mi, ti wá béèrè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, tí mo ní oòrùn kò mú tó, kò tíì gbẹ. Bọ́tìnnì kejì, èmi ni mo fi òwú dúdú rán an mọ́ ọn. Ọmọ mi, mo wá ilẹ̀ tó máa lanu kí n wọlé, kò lanu.

Kò fi mí rẹ́rìn-ín, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó gbé bẹ́ǹṣì síta, ó ní kí n jókòó. Ó ní òun náà ṣe àìdáa, ó yẹ kí òun béèrè ohun tó pa ẹ̀rọ náà kí òun tó kọ òdo, ó ní Jẹ́jẹ́ máa tún ìdánwò náà ṣe tó bá ti rí ẹ̀rọ tó yẹ ẹ́. Ó wá là á yé mi pé èyí tí o rà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣeré ogun ni wọ́n ṣe é fún, àwọn àgbàlagbà tó ń yìnbọn fún ara wọn nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó ní ti ọmọ iléèwé kò gbọdọ̀ wúwo, kí bátìrì rẹ̀ lè bá ọmọ dé ìgbà tí wọ́n bá jáde, kó dákẹ́, kí etí rẹ̀ le torí ọmọdé á jù ú sílẹ̀, kí bọ́tìnnì rẹ̀ sì gba ìka kékeré. Ó ní agbára kọ́ ni wọ́n nílò, ìwé ni wọ́n ń kà, àròkọ ni wọ́n ń kọ, ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Mo ní kí ló wá dé tí ẹ ò kọ gbogbo èyí sínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwa òbí? Ó ní kò wá sí òun lọ́kàn. Inú tún fẹ́ bí mi, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì kò lè pariwo púpọ̀.

Lọ́jọ́ kejì a gbé ẹ̀rọ rẹ lọ pààrọ̀ nílé ìtajà kan láàárín ìgboro. Ìyá rẹ kọ́kọ́ ní wọn ò ní gbé e lọ, ó gbá a mọ́ àyà, àfìgbà tí mo ṣèlérí pé n ó máa fi áyọ́ọ̀nù mú aṣọ lọ́wọ́ọ́rọ́ fún orúnkún rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mò ń ṣe é títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìyẹn náà gbèsè tìrẹ ni.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ lé mi lórí. Ó ní ṣé gíìgì mẹ́jọ ni mo fẹ́ àbí mẹ́rìndínlógún. Mo ní ọmọ kan ṣoṣo la ní nílé, kó fún wa ní èyí tó bá ti tó ọmọ kan. Ó gbé òmíràn wá, ó ní èyí, wọ́n máa ń fọwọ́ kàn án lójú ni. Mo ní nílé tiwa a ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni lójú. Ó gbé ọ̀kan wá tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí àwo, mo ní tó bá já bọ́ ńkọ́? Ó ní kò gbọdọ̀ já bọ́. Mo ní ṣé ó ti bímọ? Ó ní rárá. Mo ní ó hàn. Nígbẹ̀yìn, èmi fúnra mi nawọ́ sí ọ̀kan onírin báyìí tó dán, tó nípọn, mo ní èyí la fẹ́, ọ̀gá ti ń wá ọ̀rá tó máa fi dì í. Ni ìyá rẹ bá ní ṣé a ti bi Jẹ́jẹ́?

Gbogbo wa yíjú. Ọmọ náà ti dúró níwájú pẹpẹ ìsàlẹ̀ ní ìkangun ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń to àwọn tí ẹlòmíràn ti lò sí. Kékeré kan tó láwọ̀ eérú ló wà níwájú rẹ̀, ó ní ìlà kan lẹ́yìn bí ibi tí nǹkan ti ha á. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Ó ní nígbà tí ẹ̀yin ń jiyàn, mo ti gbé e yí ṣọ́ọ̀bù ká, kò fa èjìká mi. Ó ní mo fi etí lé e, Bàbá àgbà, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní bátìrì ìyẹn tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní agbára kankan. Mo ní bí mo bá tún gbọ́ agbára lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyá àgbà Jẹ́jẹ́ á bá a jà.

Ìyẹn la gbé wálé. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí, mo sì fẹ́ kí ó máa dun ìwọ náà. Ìwọ bi ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, èmi náà bi ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ń bi wá ní gíìgì. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ.

Jẹ́jẹ́ ti tún ìdánwò ṣe. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló yà lọ́dọ̀ mi nígbà tó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní ó ṣe dáadáa, ó ti padà sí àyè rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù. Tíṣà ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kọ àròkọ nípa bàbá wọn, kí wọ́n mú un wá kí iléèwé tó gba ìsinmi. Ní àná ó ka èyí tó ti kọ sórí ẹ̀rọ fún èmi àti ìyá rẹ. Ó ní bàbá mi ga. Ó ní bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Ó wá dúró, ó ní Bàbá àgbà, iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe, kí ló sì máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Mo dáhùn ti iṣẹ́. Ti ẹ̀rín, ohun tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín nígbà tí o wà ní kékeré ni mo sọ, mi ò mọ ti ìsinsìnyí. Àti pé, ọmọ mi, ìwọ kò ga. Kò sẹ́ni tó ga nínú ìdílé wa. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́, ìyá rẹ fẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, ó dùn mí wọ eegun. Kékeré ni ọmọ yẹn wà nígbà tó rí ọ kẹ́yìn, gbogbo àgbàlagbà ló ga lójú rẹ̀. Ní báyìí orí rẹ̀ ti dé etí mi.

Nítorí náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ o, a nílò àpò tí ó máa fi gbé ẹ̀rọ kékeré yìí kí òjò má pa á, owó iléèwé náà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Tàbí kí n tún un sọ: má fi ránṣẹ́. Má fún dírẹ́bà. Mú un wá fúnra rẹ, kí ọmọ rẹ rí ọ kó tó fi àròkọ náà sílẹ̀. Tó bá rí i pé o kò ga, kò burú. Ó fi hàn mí pé nínú ẹ̀rọ yẹn èèyàn lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ kó tún un kọ, kò sì ní sí àpá kankan níbẹ̀.

Ọ̀nà tí o máa gbà wálé kò ní dí mọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ara rẹ á le, ọmọ rẹ á mọ ojú rẹ, ìwọ náà á sì mọ tirẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tí inú ṣì ń bí díẹ̀.